Ta Ni Àmì Ẹ̀yẹ Tọ́ Sí? Àròjinlẹ̀ lórí Ìgbésí Ayé Mẹkáníìkì Òfurufú Kan ní Sábọ̀n Gàrí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn." Òwe yìí kò ṣòro láti lóye. Ẹni tí ó ṣe rere ni a ń yìn, ìyìn náà ni ó sì ń fún un ní agbára láti tún ṣe rere mìíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí a ó ṣe yin ẹni tí rere tí ó ṣe kò hàn sí ojú. Bí a kò bá rí ohun tí ènìyàn ṣe, kí ni a ó fi yìn ín? Bí a kò bá sì yìn ín, ṣé ohun tí ó ṣe kì í ṣe rere mọ́ ni? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti bá a pàdé. Inú yàrá kan ní Sábọ̀n Gàrí, ní ìlú Kánò, ni mo ti bá a pàdé, ní ọjọ́ kẹta tí bàbá kan papò dà.

Fún àǹfààní àwọn òǹkàwé tí kò dé Kánò rí, ìtumọ̀ Sábọ̀n Gàrí ní èdè Haúsá ni "ìlú tuntun". Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé: òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé àti oníṣòwò. Wọn kò gbé inú odi ìlú. Ìta odi ni a ti pín ilẹ̀ fún wọn. Báyìí ni Òpópónà Yorùbá àti Òpópónà Íbò ṣe wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí Sábó Ìbàdàn jẹ́ fún àwọn Haúsá ni Sábọ̀n Gàrí Kánò jẹ́ fún àwọn ènìyàn wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà àti ará Ìlọrin ti bí ọmọ, wọ́n ti bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní àdúgbò wa, bàbá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Mẹkáníìkì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ní ọdún 1971, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1995. Nínú ọdún mẹ́rìnlélógún yìí, ó ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ní Màkúrdí, ní Èkó àti ní Kánò. Kò wa ọkọ̀ òfurufú rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tú ẹ́ńjìnnì, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tún un tò, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀bá Ọjà Sábọ̀n Gàrí, èyí tí a fi orúkọ Abubakar Rimi sọ. Ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ ni ó ń tún ṣe níbẹ̀. Ó ní mẹ́dàlì mẹ́ta. Inú agolo bisikíìtì ni ó ń kó wọn sí, pẹ̀lú sípánà kékeré kan tí kò fi yá ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo láàrin ọdún ni ó ń gbé wọn kọ́ àyà: ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè yìí, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970.

Nígbà tí Bàbá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n ní èmi ni mo ń kọ́ni ní Yorùbá, nítorí náà ẹnu mi ni ó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo mú kálámù, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin gbé agolo náà sí iwájú mi, ó sì wí pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kọ ọ́ pé akọni jagunjagun ni Bàbá. Ẹ kọ ọ́ pé ó wa ọkọ̀ òfurufú ogun nígbà ogun abẹ́lé. Ta ni yóò bi wá léèrè? Mẹ́dàlì nìyí."

Màmá, ìyàwó Bàbá, jókòó ní igun yàrá pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. A rò pé kò fetí sí wa. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá yín kò wa ọkọ̀ òfurufú rí. Ogun ti parí kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Bí ẹ bá fi ohun tí kò ṣe yìn ín, ta ni ẹ ń sin?"

Ọmọ náà kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kí a wá kọ ọ́ pé nọ́ọ̀tì ni Bàbá ń dì fún ọdún mẹ́rìnlélógún ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo mọ̀ pé kì í ṣe òpùrọ́ ni ọmọ náà. Ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé òtítọ́ ìgbésí ayé bàbá òun kéré jù fún ìyìn, ó sì fẹ́ fi irọ́ fẹ̀ ẹ́ lójú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo rò ní òru ọjọ́ náà ni mo ń kọ fún yín yìí.

Kí ni mẹ́dàlì gan-an? Bí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, irin pẹlẹbẹ kan àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lásán ni. Ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá ni ọ̀rọ̀ tí ìlú gbà á láti sọ: "A rí ọ. A mọ ohun tí o ṣe." Nítorí náà ẹ̀rí ni mẹ́dàlì jẹ́, ẹ̀rí kò sì lè wà láìsí ẹlẹ́rìí. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí a ti jogún ọ̀pọ̀ àṣà ológun wa, ṣe tò ó. Ní ọdún 1918 ni ọba wọn dá àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Distinguished Flying Cross sílẹ̀. Ẹni tí ó fi ìgboyà hàn nígbà tí ó ń fò lọ bá ọ̀tá jà ni àmì yìí wà fún. Ọmọ Nàìjíríà kan, Akin Shenbanjo, gba àmì náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wà lára àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ òfurufú Halifax ja Jámánì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ìnagijẹ rẹ̀ sọ ọkọ̀ wọn ní "The Black Prince". Ìyìn tí ó tọ́ sí i ni. Ẹni tí ó gòkè lọ ní òru sí ibi tí ìbọn ọ̀tá ti ń dúró dè é, tí ó sì tún lọ ní òru ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò ní kí a má yìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó wà ní òkè nìkan ni àmì náà ń wò. Mẹkáníìkì tí ó dúró sínú òtútù ní gbogbo òru kí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Halifax náà tó ṣiṣẹ́ kò lè gbà á, bí ó ti wù kí ó ṣe tó. Ó lè gba òmíràn tí ó rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ láìní àbùkù, ó lè gba mẹ́dàlì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1919 fún ìpẹ́níṣẹ́ àti ìwà rere. Àwọn ọ̀dọ́ ológun a máa fi irú mẹ́dàlì yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní ẹni tí kò ṣe ohunkóhun ni a ń fún. Yẹ̀yẹ́ yìí gan-an ni ọmọ Bàbá Mẹkáníìkì ń bẹ̀rù pé àwọn àlejò ìsìnkú yóò ṣe.

Kánò fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa irú iṣẹ́ báyìí. Láti ọdún 1940, nígbà tí ojú omi Mẹditaréníà léwu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, inú àpótí ni wọ́n ti ń kó ọkọ̀ òfurufú wá sí Takoradi ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń tò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ yóò gbé wọn gba Èkó, Kánò, Máídúgùrì àti Khartoum lọ sí Cairo. Kí ọ̀nà náà tó dákẹ́, ọkọ̀ òfurufú tí ó gba ibẹ̀ kọjá ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ. Ìwé ìtàn kún fún orúkọ àwọn ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun ní aṣálẹ̀ Íjíbítì. Ta ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó di bóòtù ìyẹ́ ọkọ̀ kan ní Takoradi, tàbí ẹni tí ó rọ epo sínú rẹ̀ ní Kánò? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 pàápàá, nígbà ogun abẹ́lé tiwa, Kánò ni a kó àwọn ọkọ̀ ogun MiG-17 tí ó wá láti Soviet Union wá, ibẹ̀ ni a sì ti tò wọ́n. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ariwo wọn ní òkè. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rí ọwọ́ tí ó tò wọ́n nílẹ̀.

Nígbà kan, mo bi Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé èwo nínú mẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fẹ́ràn jù. Kò dá mi lóhùn tààrà. Ìtàn kan ni ó sọ fún mi. Ó ní ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí òun wà ní ibùdó kan, òun ń yẹ ọkọ̀ akẹ́rù kan wò tí yóò gbé ènìyàn ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, òòfà kékeré kan wà ní ibi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Bí irin kan bá ń jẹ irin kejì nínú ẹ̀rọ, irin wínníwínní yóò bá ọ́ìlì wá, òòfà náà yóò sì fà á mọ́ra. Nígbà tí Bàbá tú òòfà náà, ó rí irin lára rẹ̀, ó kúnná bí iyanrìn etí odò. Ó nù ún, ó tan ẹ́ńjìnnì náà fún ìgbà díẹ̀, ó tún tú u wò. Irin mìíràn ti wà níbẹ̀.

Ó kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ náà. Awakọ̀ sọ fún un pé ọkọ̀ kan náà ni òun gbé dé ní àná, kò sì ṣe nǹkan kan. Bàbá fèsì pé, "Ọ̀gá mi, àná ni ẹ ń sọ. Ọ̀la ni mo ń fọwọ́ sí." Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ dé, ó wò ó, ó gbà pẹ̀lú rẹ̀. A sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, àwọn tí ó fẹ́ rìnrìn-àjò sì dúró di ọjọ́ kejì. Àwọn kan kùn. Ó parí.

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ́ńjìnnì náà ìbá kú ní òkè?"

Ó rọra ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "N kò mọ̀. Bóyá ìbá gbé wọn dé láyọ̀. N kò ní mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n mo sùn ní òru ọjọ́ kejì."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó tóbi jù nínú ìgbésí ayé bàbá yìí ni ó ṣe ní òru náà. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rí kankan pé ó ṣe nǹkan. Ọmọ ogun tí ó gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú iná ní ẹni tí yóò tọ́ka sí pé, "Ẹni yìí ni mo gbà là." Mẹkáníìkì kò ní ẹnì kankan láti tọ́ka sí. Àwọn tí ó ṣeé ṣe kí ó gbà là wà níbì kan, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ìyàwó wọn jà, wọ́n ń sin ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Wọn kò mọ̀. Òun náà kò mọ̀. Ohun tí wọ́n rántí nípa òru náà, bí wọ́n bá rántí rẹ̀ rárá, ni pé a dá wọn dúró.

Àwa ará Kánò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú jábọ́. A mọ ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà jóná ní pápákọ̀ òfurufú Kánò, tí ẹ̀mí 176 sì lọ. A mọ ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2002, nígbà tí ọkọ̀ kan já lu àdúgbò Gwammaja, tí ó pa èrò inú rẹ̀ àti onílé tí ó jókòó sílé jẹ́jẹ́. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí jàǹbá ní oríṣiríṣi orísun. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1942, jàǹbá ni ó pa á ní ọdún 1945, kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ jábọ́ ní orúkọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò jábọ́ kò ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni ó pọ̀ jù. Ẹnì kan ṣiṣẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má bàa ní orúkọ. Nígbà tí a bá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí tí kò wọ́ ni iṣẹ́ àgbà náà. Ta ni ó sì ń ka orí tí kò wọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè ta kò mí ní ibí yìí. Yóò ní, "Bí a bá ní kí a máa yin ènìyàn nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ọ̀lẹ pàápàá yóò gba mẹ́dàlì. Ọlọ́dẹ tí ó sùn ní gbogbo òru náà lè wí ní òwúrọ̀ pé olè kò wá." Àtakò tí ó lágbára ni èyí. Kì í ṣe gbogbo òru tí kò mú ibi wá ni ẹnì kan ṣọ́.

Kí ni ó wá ya mẹkáníìkì sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́dẹ tí ó sùn? Mo rò ó títí kí n tó rí i. Ìdáhùn náà wà nínú ìwé tí Bàbá kọ̀ láti fọwọ́ sí. Ní ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Form 700 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe tiwọn. Ẹni tí ó tún nǹkan ṣe yóò kọ ohun tí ó ṣe síbẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bojú wo iṣẹ́ rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni awakọ̀ yóò tó fọwọ́ sí i pé òun ti gba ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ náà bá wá jábọ́, ìwé yìí ni a ó kọ́kọ́ béèrè. Ìtumọ̀ èyí ni pé mẹkáníìkì fi orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀bi ti lè bá a nígbàkígbà, láti òru kan sí òmíràn, fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọlọ́dẹ tí ó sùn kò fi orúkọ rẹ̀ sí ibì kankan. Òṣùwọ̀n tí mo rí nìyí: ẹni tí ó gbà tinútinú láti dúró sí ibi tí ẹ̀bi ti lè rí i, tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí ọlá náà rí i níbẹ̀. Kò tọ́ kí ojú ìlú mọ́lẹ̀ kedere nígbà tí ó bá ń wá ẹni tí yóò bá wí, kí ojú kan náà sì ṣú nígbà tí ó bá ń wá ẹni tí yóò yìn.

Àtakò kejì ni pé a san owó oṣù fún un. Ẹni tí ó san gbèsè, ṣé ìyìn tún tọ́ sí i ni? Èmi gbà pé owó oṣù ra wákàtí rẹ̀, ó sì ra agbára apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè ra kí ènìyàn tú òòfà wò lẹ́ẹ̀kejì ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bí kò bá tú u. Ojú tí ó ń wo ibi tí ẹlòmíràn kò ní wò kò sí nínú àdéhùn owó oṣù. Ẹ̀bùn ni.

Ó yà mí lẹ́nu, bí mo ti ń ro èyí, pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Òrìṣà kan náà ni wọ́n fún jagunjagun àti alágbẹ̀dẹ. Ògún ni ó ni ẹni tí ó gbé idà, Ògún náà ni ó ni ẹni tí ó rọ ọ́. Lónìí, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ti wà lábẹ́ rẹ̀ bákan náà. Ní ojú rẹ̀, ẹni tí ó wa ọkọ̀ kò ju ẹni tí ó tún un ṣe. Nígbà tí Yorùbá bá sì fẹ́ búra, irin ni ó ń fẹnu kàn. Ta ni ó ń fẹnu kan irin ju ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ òfurufú lọ? Bàbá Mẹkáníìkì kì í ṣe abọgún; ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá mú kálámù, ìbúra lórí irin ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, àwa náà kò mọ́ tán. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, dídún ìbọn ni a sì gbọ́ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. A mọ Ògèdèngbé, a mọ Látòòsà. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó ń tún ìbọn ṣe ní bùdó ogun ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó sọ orúkọ wọn fún wa. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà sàn díẹ̀ ni oríkì. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ní oríkì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé jagunjagun ti ní. Oríkì náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan tí ènìyàn ṣe gudugudu méje. Ti ìwà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ láti ìran dé ìran ni. Bí a bá wò ó báyìí, mẹ́dàlì ìpẹ́níṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ súnmọ́ oríkì ju mẹ́dàlì akin lọ. Èyí tí a fún akin ń sọ ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ kan. Èyí tí a fún ẹni tí ó pẹ́ ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́.

N kò sọ pé kí a gba mẹ́dàlì lọ́wọ́ akin. Ìgboyà lójú ogun kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgboyà méjì ni ó wà. Ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí, èkejì kò ní. Bí ìlú bá ń yin ọ̀kan nìkan, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kọ́ láti máa wá ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó ṣe rere. Èyí ni mo rí nínú yàrá ọjọ́ náà. Ọmọ rere kan, tí ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, ti kọ́ lọ́dọ̀ wa pé iṣẹ́ tí bàbá òun ṣe ní òótọ́ kò tó láti fi sin ín. Àwa ni a kọ́ ọ ní irọ́ náà kí ó tó gbèrò láti pa á.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà lọ. Mo ti kọ ojú ewé kan. Mo kọ ọdún tí Bàbá wọ iṣẹ́ àti ọdún tí ó fẹ̀yìn tì. Mo kọ orúkọ ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú ni, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan bo orúkọ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Mo sọ ìtàn òru tí ó tú òòfà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Kò fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí."

Àkọ́bí Bàbá kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé kò gbọ́ ìtàn òòfà náà rí. Bàbá kò sọ ọ́ fún wọn. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé yóò yé àwọn ènìyàn?" Mo ní yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ó fa ìwé náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá ní kí wọ́n ka gbólóhùn ìkẹyìn fún òun. Nígbà tí wọ́n kà á, ó ní, "Bàbá yín nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé mẹ́dàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pósí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó mú sípánà kékeré inú agolo, tí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra láti di olùkọ́, mo fi ìtàn yìí lé yín lọ́wọ́ nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe jọ ti bàbá yìí. Ẹ ó máa fọwọ́ sí ìwé: ìwé orúkọ àwọn tí ó wá sí kíláàsì, ìwé máàkì ìdánwò, ìwé ẹ̀rí ìwà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun rere tí ẹ ó ṣe ni yóò jẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀: ọmọ tí kò fi ilé ìwé sílẹ̀, ọmọ tí kò di olè, ọmọ tí kò gbà pé òpè ni òun. Kò sí ẹni tí yóò wá dúpẹ́ pé òun kò di olè. Àwọn àgbà ní kò sí aṣegbé, aṣepamọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó ṣe ìkà ni a sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà pé ó ba ti rere mu pẹ̀lú. Rere tí a kò rí kò gbé. Ó wà ní ìpamọ́ lára àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ni ó gbà là. Ní ti àwa tí ó kù ní ìlú, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ojú wa láti máa wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ó má jẹ́ pé inú ìwé ètò ìsìnkú ni ọmọ wọn yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.